"Okùn rẹ le jù": kí ni adájọ́ ń wò gan-an nígbà tí ọmọ bá fa ẹṣin kọjá níwájú rẹ̀?

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston):

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo rántí pé àwọn kan nínú yín ti sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba níbí rí, ẹnìkan sì ní òun ń ṣiṣẹ́ nílé ẹṣin ní ìlú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 13. Ó wà nínú 4-H, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan, níbí ní Texas, ọdún kejì rẹ̀ sì nìyí nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní showmanship. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ kì í gun ẹṣin níbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn, okùn ẹṣin á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa ṣe ohun tí adájọ́ là kalẹ̀: rìn dé kóònù àkọ́kọ́, sáré pẹ̀lẹ́ dé ìkejì, dúró, yí ẹṣin po, jẹ́ kó fi ẹ̀yìn rìn, to ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dúró ṣánṣán kí adájọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í wo ẹwà ẹṣin. Bí ọmọ àti ẹṣin ṣe jọ ń ṣe é ni wọ́n ń wò.

Ní Sátidé tó kọjá, Àdùkẹ́ kò ṣi ọ̀nà, kò fọwọ́ kan kóònù kankan. Ẹṣin wa, àgbà ẹṣin ọlọ́dún 17, gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan nígbà àyẹ̀wò, ó sì dá a padà síbi tó wà. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo rí nìyẹn. Ipò karùn-ún ni wọ́n fún un nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹṣin ọmọ tó gba ipò kìíní kò dán tó tiwa. Nígbà tí a gba bébà máàkì, gbólóhùn kan péré ni adájọ́ kọ sí i: okùn rẹ le jù.

Ọmọ mi sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ fún un. Ẹranko tó wọn kílò 500, ṣé kò yẹ kí ọmọ di okùn rẹ̀ mú dáadáa ni?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin (Oklahoma):

Bàbá Àdùkẹ́, ẹ kú ọmọ. Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ti ṣe adájọ́ irú ìdíje yìí ní àdúgbò wa fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka máàkì ná.

Nínú òfin AQHA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ni Quarter Horse, irú ẹṣin Amẹ́ríkà kan, 70 ni máàkì ẹni tó ṣe é níwọ̀nba. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá ṣe, adájọ́ lè fi ìdajì-ìdajì gbé e sókè dé 3, ó sì lè fi já a wálẹ̀ dé 3. Tó bá ṣe é níwọ̀nba, òdo. Máàkì mìíràn wà láti 0 dé 5 fún ìdúró ọmọ àti bí ìdarí rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìjìyà wá wà lọ́tọ̀, 3 tàbí 5 tàbí 10. Ẹsẹ̀ tí ẹṣin yín gbé tó sì dá padà, 3 ni. Ẹṣin tó bá ń na ẹsẹ̀ kan sinmi nígbà àyẹ̀wò, 5. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹṣin nígbà tó ń to ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí tí okùn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, 10.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Ọmọ kan gba ìdajì nínú mẹ́rin, òdo nínú méjì, ó di 72. Wọ́n fún un ní 3 fún ìdúró, ó di 75. Ẹ yọ 3 ti ẹsẹ̀ ẹṣin, ó ku 72. Ọmọ kejì gba 1 nínú gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó di 76, ó gba 4 fún ìdúró, ó di 80. Máàkì 8 ló wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ tí ẹ rí yẹn, 3 péré ló kó lọ. 5 tó kù, okùn ló kó o, ẹni tó jókòó sórí àga òǹwòran kò sì lè rí i láti ọ̀ọ́kán.

Ohun tí mo máa ń wò nìyí. Ọmọ yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹṣin, láàárín ojú rẹ̀ àti ìdajì ọrùn. Tí ọmọ bá gbé ẹsẹ̀, kí ẹṣin gbé ẹsẹ̀. Tí ọmọ bá dúró, kí ẹṣin dúró. Bó bá jẹ́ okùn ló ń sọ fún ẹṣin, orí ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ sún kí ẹsẹ̀ tó sún. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn, àgbọ̀n ni mò ń wò: ṣé àgbọ̀n ló kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ni, àbí pátákò? Tí wọ́n bá yí sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún yẹ kó dúró bí òpó, kí ẹsẹ̀ iwájú òsì máa gba iwájú èkejì kọjá. Ọmọ tó bá ń fi okùn ti orí ẹṣin, ẹsẹ̀ òpó yẹn á yọ̀ kúrò níbi tó wà.

Nípa kílò 500 tí ẹ sọ: ọmọ yín lè má tó kílò 50. Bí ẹṣin bá fẹ́ lọ, okùn líle kò ní dá a dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni pé ó ti gbà láti dúró.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn náà, mo fura sí i. Tí adájọ́ bá wà níwájú ẹṣin, ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì rẹ̀. Tí adájọ́ bá ti kọjá èjìká ẹṣin lọ sẹ́yìn, kí ọmọ gba iwájú ẹṣin kọjá wá sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú adájọ́, nítorí pé bí ẹṣin bá ta gìrì, ọmọ á fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìdí ẹṣin á sì yí kúrò lára adájọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni ọmọ ń kọjá bẹ́ẹ̀ nínú àyẹ̀wò kan. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, okùn á dẹ̀ díẹ̀. Ẹṣin tó jẹ́ pé okùn ló dá a dúró, ìgbà tí okùn bá dẹ̀ ni yóò gbé ẹsẹ̀. Ẹ bi Àdùkẹ́ bóyá ìgbà tó ń kọjá ni.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston):

Mo bi í. Ó ní ìgbà tó ń kọjá ni.

Ọmọ Balógun (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ kú àlàyé, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Bí ẹ ṣe ń júwe rẹ̀ yìí, ó dà bí ẹni pé ẹṣin tó sùn ló ń gba ẹ̀bùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní ọjọ́ kẹta Ìléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún ẹṣin tó dúró bí òpó? Ìlù ń dún, ìbọn ń ró, èrò pọ̀ bí eṣú. Ẹṣin á gbé orí, ẹlẹ́ṣin á gbé orí. Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin bí kò jùpàkọ́, ẹṣin tó gùn yóò jùpàkọ́. Ìdíje àárín ìdílé ni, ẹ̀bùn sì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìṣọ̀kan ẹṣin àti ènìyàn ni pé kí iyì àwọn méjèèjì jáde pọ̀, kì í ṣe pé kí ẹṣin pa ohùn mọ́.

Ọmọ Ìlọrin (Ìbàdàn):

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ Balógun, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì fẹ́ràn Ojúde Ọba débi pé mo ti wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá wò ó nígbà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ olùtọ́jú ẹṣin ni mí. Bàbá mi lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ẹṣin ìdílé kan ní Ìlọrin. Òun ló ń fọ ilé wọn, òun ló ń gbọ́n pátákò, òun ló ń fà wọ́n jáde lọ́jọ́ Ìléyá. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a má wo orí tí ẹṣin gbé. Kí a wo etí.

Etí ẹṣin ń yí kiri bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ gbọ́. Tí etí kan bá wà níwájú, tí èkejì yí sọ́dọ̀ ẹni tó di okùn mú, ẹṣin yẹn ń bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Bí etí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ọrùn pẹrẹsẹ, tí ìrù ń na ẹ̀gbẹ́ fìà fìà láìsí eṣinṣin, tí ẹnu là sílẹ̀ tí ó ń sá fún ìjánu, inú rẹ̀ kò dùn, bó ti wù kó máa jó tó.

Ní ọdún kan tí mo wá, mo dúró nítòsí ẹlẹ́ṣin kan tí èrò ń hó fún. N kò ní sọ ìdílé tó ti wá. Ó ń já ìjánu sókè léraléra kí ẹṣin lè máa ta kìtìkìtì. Àwọn ènìyàn ń ká fídíò, wọ́n ní ẹṣin ń jó sílù. Ẹṣin náà ò gbọ́ ìlù kankan. Ẹnu ló ń dùn ún. Ẹni tó dẹ́kun rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ sálúbàtà, tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́rùn, kò fa nǹkan kan. Ẹṣin náà sọ orí kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ìyìn, ta ló wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, oyè ńlá ni Olókùn-ẹṣin láàfin. Ẹni tó ń di okùn mú jẹ́ ènìyàn nígbà náà.

Ọmọ Balógun (Ìjẹ̀bú-Òde):

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Èmi náà ti rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Mo ṣì dúró lórí pé ayẹyẹ nílò ìwúrí, ẹṣin tó ní ìmọ́lẹ̀ lójú sì dára ju ẹṣin tó ti kú sára lọ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé a kì í bi ara wa léèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wá. Nílé wa, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí Ìléyá ni ẹṣin ń dé láti òkè Ọya. Ẹlòmíràn nínú wa, ọjọ́ kejì àjọ̀dún ló kọ́kọ́ jókòó lórí èyí tí yóò gùn.

Dúpẹ́ (Leicestershire):

Èmi ni wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹṣin nílùú òyìnbó. Ọdún mẹ́fà rèé. Dressage ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ mi, ìyẹn ìdíje tí ẹlẹ́ṣin ti ń darí ẹṣin láti ṣe oríṣiríṣi ìgbésẹ̀ níwájú adájọ́. Ibẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní máàkì láti 0 dé 10, wọ́n á ṣírò rẹ̀ sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ní Olympics, adájọ́ méje ló ń jókòó yí pápá ká, kí ohun tí ọ̀kan kò rí lè hàn sí èkejì. Lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀, máàkì kan wà fún ìrẹ́pọ̀ ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin. Ìwé òfin FEI, àjọ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin lágbàáyé, tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé eléré-ìdárayá tí inú rẹ̀ dùn ló yẹ kí ẹṣin jẹ́.

Mo fẹ́ fi ọ̀ràn kan síwájú yín, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 2014, ní London, Charlotte Dujardin àti ẹṣin rẹ̀ Valegro gba 94.300 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti wo fídíò rẹ̀ tó ìgbà ogún. Ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Ẹṣin dà bí ẹni tó ń ka èrò ọkàn rẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, ó ku díẹ̀ kí Olympics Paris bẹ̀rẹ̀, fọ́nrán kan jáde tí wọ́n ti ká ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, níbi tó ti ń fi pàṣán na ẹsẹ̀ ẹṣin kan léraléra nígbà tó ń kọ́ ẹlẹ́ṣin mìíràn níṣẹ́. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje, ó tọrọ àforíjì, FEI sì dá a dúró fún ọdún kan.

N kò sọ pé ohun tí a rí lára Valegro kì í ṣe òtítọ́. Ẹṣin mìíràn ni, ọjọ́ mìíràn ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó: ìṣẹ́jú méje ni adájọ́ rí, wákàtí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nílé.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston):

Bí adájọ́ kò bá lè rí ilé, kí ni ìwúlò máàkì tó ń fún ìrẹ́pọ̀? Mo bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ fún ọmọ mi.

Táyélolú:

Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ìdíje máa ń fi ilé hàn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ rántí Olympics Tokyo, oṣù Kẹjọ 2021, nínú modern pentathlon, ìyẹn eré oríṣi márùn-ún tí gígun ẹṣin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà náà. Nígbà náà, ẹṣin tí ẹlẹ́ṣin kò mọ̀ rí ni wọ́n máa ń fún un, ìbò ni wọ́n fi máa ń pín in, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n máa ń ní láti fi mọ ara wọn. Annika Schleu ará Jámánì ló wà níwájú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó dé ibi ẹṣin. Ìbò gbé Saint Boy fún un. Ẹṣin náà ti kọ̀ fún ẹlẹ́ṣin mìíràn ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ̀ fún òun náà. Ó ń sunkún lórí gàárì, ó ń lo pàṣán, olùkọ́ rẹ̀ tún fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹṣin náà láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ipò 31 ló parí sí. Lẹ́yìn náà ni àjọ eré náà pinnu láti yọ ẹṣin kúrò, ìdíje tí ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ la oríṣiríṣi ìdènà kọjá, láìsí ẹṣin, ló rọ́pò rẹ̀ fún Los Angeles 2028.

Mo rí ohun kan náà nínú ohun tí Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Balógun sọ nípa ẹni tó ń pàdé ẹṣin lọ́jọ́ kejì àjọ̀dún. Ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ kò lè ní kó bá yín gbé ẹrù nínú ariwo.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin (Oklahoma):

Táyélolú, o sọ ọ́ tán. Bàbá Àdùkẹ́, ìdáhùn mi fún yín nìyí. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, ìrẹ́pọ̀ àti ìbẹ̀rù lè jọra lójú adájọ́. Ẹṣin tó ń bẹ̀rù náà máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fẹ́ràn ìgbà tí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ ọ̀rá kọjá nínú pápá, tàbí tí ọmọdé kan bá pariwo. Ẹṣin á ta gìrì, gbogbo ẹṣin ló ń ta gìrì. Níbẹ̀ ni mo ti ń tẹjú mọ́ ọn: lẹ́yìn tó ta gìrì tán, ibo ló wò? Bó bá wo ọmọ tó di okùn rẹ̀ mú, tí ọmọ náà kò já okùn, tí àwọn méjèèjì mí, tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ, mo ti rí ilé wọn. Bó bá ń sá fún ọmọ náà gan-an, mo ti rí ilé wọn pẹ̀lú. Máàkì mi lè má tó láti sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo.

Ohun kan ló wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ yọ okùn tó ní ṣéènì kúrò. Ẹ fi òwú tín-ín-rín, irú èyí tí a fi ń rán aṣọ, so mọ́ okùn tó wà lórí ẹṣin, kí Àdùkẹ́ di òwú náà mú. Inú ọgbà tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí àgbàlagbà tó mọ ẹṣin wà níbẹ̀. Kó rìn, kó dúró, kó yí po. Ìgbàkígbà tí òwú bá já, ó ti fa ẹṣin nìyẹn. Kó so òmíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀. Kó má sì bínú sí ẹṣin, nítorí ẹṣin kọ́ ló já òwú.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ tí a ti ń ṣe òwú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, òwú já nígbà 14 kí wọ́n tó yí ọgbà po lẹ́ẹ̀kan. Àdùkẹ́ fẹ́ dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ló ṣàkíyèsí ohun kan láti ẹ̀yìn ọgbà: gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dúró, ó ń bojú wẹ̀yìn wo pátákò ẹṣin bóyá ó ti dúró, ejìká rẹ̀ á yí, ọwọ́ rẹ̀ á sì fa. Ẹṣin náà kò mọ èyí tí yóò gbọ́, ẹsẹ̀ tó dúró ni àbí ọwọ́ tó ń fà. A ní kó máa wo igi ńlá tó wà lẹ́yìn ọgbà, kó má wo ẹṣin rárá. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi náà, òwú já nígbà mẹ́ta péré. Àná, kò já.

Ìdíje kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun máa lọ, nítorí pé ẹṣin náà ṣì máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn tí òun bá kọjá sí ọ̀tún. Sí òsì, kì í gbé e. Ìyá Ẹlẹ́ṣin, kí lẹ rò sí ìyẹn?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin (Oklahoma):

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe pátákò rẹ̀ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yẹn, àti dókítà ẹranko bí ó bá ṣe é ṣe. Ọlọ́dún 17 ni. Ó lè jẹ́ pé ẹṣin ń sọ fún Àdùkẹ́ pé ibẹ̀ ń dun òun.

Ọmọ Ìlọrin (Ìbàdàn):

Kí Àdùkẹ́ wo etí rẹ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn.